Iṣẹ́ Abẹ àti Àwọn Orúkọ Ìtọ́jú Pánkíríàsì Wíwú

Pánkíríàsì ni ẹ̀yà ara tí ó sùn gbalaja sẹ́yìn àpòlúkù, tí ó ń ṣe omi tí ń mú oúnjẹ dà àti ínsúlínì tí ń ṣàkóso ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Bí òkúta inú òróòro tàbí ọtí àmujù bá mú un wú gidigidi, omi tirẹ̀ gan-an lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, débi pé apá kan rẹ̀ yóò kú. Orúkọ àìsàn náà kò le ní èdè Yorùbá: pánkíríàsì wíwú ti tó. Èyí tí ó le ni iṣẹ́ abẹ, nítorí abẹ ni orúkọ náà dì mú, bẹ́ẹ̀ abẹ gan-an ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ń sún síwájú jù lọ nínú ìtọ́jú yìí.

Láyé àtijọ́, bí kòkòrò àrùn bá ti wọ inú ẹran tí ó kú, ṣe ni wọ́n ń la ikùn kíákíá. Lóde òní, bí ara aláìsàn bá gbà á, oògùn apakòkòrò ni wọ́n fi ń dá a dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, títí òkú ẹran náà yóò fi rọ̀, tí awọ líle yóò sì yí i ká. Òkú ẹran olódi ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ìlú olódi.

Ní 2010, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Nẹ́dálándì gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 88: nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi rọ́bà fa ọyún inú wọn, ìpín 35 nínú 100 ni kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtọ́jú alákàsọ̀ ni a lè pe ìlànà yìí, níwọ̀n bí ó ti ń gòkè láti orí èyí tí ó fúyẹ́ sí èyí tí ó wúwo. Alátẹ̀gùn ìbá dára pẹ̀lú, àmọ́ bí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ bá gbàgbé àmì ohùn, òǹkàwé yóò rò pé atẹ́gùn tí wọ́n ń fà símú ní ilé ìwòsàn ni.

Bí rọ́bà kò bá tó, wọ́n lè gba ẹnu kọjá pẹ̀lú ẹ̀rọ awonú, kí wọ́n dá ògiri àpòlúkù lu, tàbí kí wọ́n la ojú kékeré ní ìhà òsì kí wọ́n sì tọ ipa rọ́bà wọlé. Ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà, gígé kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ó bá iṣẹ́ náà mu. Ṣíṣà ni, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni òkú ẹran ń jáde, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, àti pé ẹni tí ó bá fi ipá fa èyí tí kò tíì kú yóò rí ẹ̀jẹ̀. Lílà ikùn gbayawu ló kẹ́yìn àkàsọ̀. Ọ̀rọ̀ yíyọ ni kí a fi sílẹ̀ fún àpò òróòro, tí wọ́n ń mú kúrò pátápátá lẹ́yìn tí wíwú náà bá ti rọlẹ̀, kí òkúta mìíràn má baà tún dí ojú ọ̀nà.