Ẹ̀kọ́ Òfin àti Ọrọ̀-Ajé Kò Ṣẹ̀ Wá Láti Ibi Oúnjẹ Alẹ́ ní Chicago

Ìtàn kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ òfin àti ọrọ̀-ajé máa ń tètè gbọ́ ní yunifásítì. Wọ́n ní lọ́dún 1960, onímọ̀ ọrọ̀-ajé Ronald Coase lọ jẹun alẹ́ nílé Aaron Director ní Chicago. Ogún ọ̀mọ̀wé ló kọ́kọ́ ta ko èrò rẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ àti ìpalára, ṣùgbọ́n kí wákàtí méjì tó pé, gbogbo wọn ti gbà fún un. Wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n bí ẹ̀kọ́ yìí, tí Richard Posner sì fi ìwé rẹ̀ ti 1973 tọ́ ọ dàgbà.

Ìtàn náà dùn, kì í sì í ṣe irọ́: George Stigler tó wà níjòkòó ló ròyìn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní orírun ẹ̀kọ́ yìí ni mi ò gbà. Yunifásítì Virginia ni Coase ti ń kọ́ni nígbà náà. 1964 ló tó kó lọ sí Chicago. Ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì kún inú àpilẹ̀kọ tó fi ṣàlàyé èrò rẹ̀. Ẹ wo ẹjọ́ Sturges àti Bridgman ti 1879. Oní-midinmíìdìn kan ti ń lo odó rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kí dókítà tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ tó kọ́ yàrá ìtọ́jú sí ìtòsí ibẹ̀, tó wá pè é lẹ́jọ́ nítorí ariwo. Dókítà ló jàre. Coase ní ọ̀rọ̀ náà kò tán síbi ta ló ṣe ta: bí dókítà bá jàre, oní-midinmíìdìn pàdánù, bí oní-midinmíìdìn bá jàre, dókítà ló pàdánù. Èwo ló wọ́n jù?

Àwọn onírònú mìíràn ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú Coase: Beccaria ti fi ìyà wé èrè ọ̀daràn ní 1764, Bentham tẹ̀lé e ní 1789. Ní 1961, Guido Calabresi ní Yale tẹ àpilẹ̀kọ tirẹ̀ jáde lórí ẹni tó yẹ kó ru ẹrù ìjàm̀bá, kò sì jẹ oúnjẹ Director kó tó ronú kàn án.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kúrò lókè òkun, ká wá sí Idu ní Abuja, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbéra lọ sí Kaduna láti 2016. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé Pigou ti kọ̀wé ní 1920 nípa iná tó ń ta láti ara ọkọ̀ ojú irin tó ń jó igbó onígbó. Coase kọ ojú ìwé púpọ̀ láti dá a lóhùn. Ní Idu, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ irin àti ilé-iṣẹ́ gan-an ni ọ̀rọ̀. Àṣẹ ìjọba ológun ti 1976 sọ gbogbo ilẹ̀ Abuja di ti ìjọba àpapọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn Gbagyi ti ń dáko lágbègbè náà tipẹ́. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, ní abala 29, sọ ohun tí wọ́n ń san fún ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀: owó ilé, owó irúgbìn, àti iye tó san lórí ilẹ̀ lọ́dún náà. Iye tí ilẹ̀ ń tà lọ́jà kò sí níbẹ̀. Coase ní ibi tí dúnàádúrà bá ti ná ni lówó, ẹni tí òfin kọ́kọ́ gbé ẹ̀tọ́ lé lọ́wọ́ ṣe pàtàkì. Kí ni àgbẹ̀ tí kò ní ẹ̀tọ́ fẹ́ fi dúnàádúrà?

Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, àlejò tó gba ilẹ̀ oko lè gbin iṣu àti àgbàdo, àmọ́ kò gbọdọ̀ gbin igi tó ń tọ́jọ́ láìgbàṣẹ, torí igi á pẹ́ ju àdéhùn lọ. Nígbà tí kòkó dé, onílẹ̀ gbà á láyè, ó sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Mi ò ní àwọn àgbà kọ tíọ́rì o, ṣùgbọ́n wọ́n ti díye lé ẹ̀tọ́. Ní 1921, nínú ẹjọ́ Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, ìgbìmọ̀ adájọ́ ní London ní ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà jẹ́ ti àwùjọ, kí ìjọba sì sanwó rẹ̀ bí ìgbà tí onílẹ̀ pátápátá bá ta ilẹ̀ rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógójì ṣáájú oúnjẹ Director nìyẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní Abuja, ẹ gbé ẹjọ́ Amodu Tijani àti abala 29 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí Posner tẹ̀lé e.