Iwin Orí Òkè Àjàká

Nílẹ̀ Ìbọ̀lọ́, níbi tí Ọ̀fà àti Ilémọ̀nà wà, bí eégún bá jáde, ará ọ̀run là ń pè é. Àgbàlagbà tó bá dá ohùn ọmọ àdúgbò rẹ̀ mọ̀ lábẹ́ agọ̀ kò ní dárúkọ rẹ̀. Á kúnlẹ̀, á gbàdúrà lẹ́nu rẹ̀. Tọmọdé tàgbà ló jọ pa àṣírí náà mọ́.

Nígbà kan, àwọn èèyàn ńlá fi irú ìdíbọ́n yìí dẹ́rù ba ọba. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ti ṣẹlẹ̀, Ìbọ̀lọ́ sì wà lára ẹkùn Ọ̀yọ́ látijọ́. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921. Àwọn Tápà ti lé Ọ̀yọ́ kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, Ìgbòho ni ààfin wà. Aláàfin Abípa gorí oyè, ó ní àwọn máa padà sílé baba àwọn. Àwọn ìjòyè ò fẹ́ tún ẹrù dì. Wọn ò sì sọ ọ́ lójú ọba.

Nígbà tí ọba rán èèyàn lọ ṣètùtù sí ilẹ̀ àtijọ́ náà, àwọn ìjòyè ti rán tiwọn ṣáájú. Baṣọ̀run rán abuké, Alápíìnni rán àfín, Aṣípa rán adẹ́tẹ̀, Sàmù rán ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síta, Lágùnnà rán aràrá, Akínnikú rán arọ. Òkè Àjàká níbẹ̀ ni wọ́n fi wọ́n sí. Lóru, wọ́n tan ògùṣọ̀, wọ́n ń ké pé: "Kò sáyè! Kò sáyè!" Àwọn ìránṣẹ́ ọba gbà pé iwin ló ń lé àwọn.

Ìwà ìkà ni, bó ti wù kí ọgbọ́n inú rẹ̀ pọ̀ tó. Àwọn mẹ́fà yìí ò gbé agọ̀ kankan wọ̀. Ara tí wọ́n bí wọn pẹ̀lú rẹ̀, tàbí èyí tí àìsàn fún wọn, ni àwọn ìjòyè sọ di agọ̀, torí pé ẹni òrìṣà ni ìlú ń pe irú wọn, tí ojora sì ń mú èèyàn bó bá rí wọn. Orúkọ oyè àwọn tó rán wọn níṣẹ́ wà nínú ìwé. Tiwọn ò sí níbẹ̀.

Ológbò, olórí àwọn arọ́kin ọba, ló tú àṣírí fún un. Abípa rán ọdẹ mẹ́fà, wọ́n mú gbogbo iwin náà wá sí Ìgbòho. Kò pariwo. Ó dúró di ọjọ́ Jàkúta, tí àwọn ìjòyè ń péjọ láàfin, ó wá ní kí iwin kọ̀ọ̀kan gbé igbá ọtí jáde fún ọ̀gá tó rán an. Báwo ni Baṣọ̀run ṣe fẹ́ gba igbá yẹn lọ́wọ́ abuké rẹ̀? Ọ̀yọ́ padà sílé, wọ́n sì ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀, ìyẹn iwin.

Joel Adedeji, tó ṣe ìwádìí lórí alárìnjó ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1969, gbà pé ìran Ológbojò, ìdílé eléégún, ló sọ àwọn iwin wọ̀nyí di eré eégún. Ohun tí wọ́n fi ń lé ọba di ohun tí wọ́n fi ń dá ọba lára yá.

Ní 22 Oṣù Kejì, 1826, Aláàfin pe àlejò rẹ̀, òyìnbó arìnrìn-àjò Hugh Clapperton, wá wo irú eré bẹ́ẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́-Ilé. Àwọn kan jó nínú àpò, erè ńlá kan jáde, wọ́n pa á. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó inú eré yọ: ẹ̀dá funfun kan tó rù kan egungun, tí òtútù ń mú, tó ń fa áṣáà, tó ń ra ọwọ́ pọ̀, tó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí. Ariwo sọ. Àwọn èrò ń yíjú sí Clapperton, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wò ó dáadáa. Ó wò ó. Nínú ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ pé òun díbọ́n bí ẹni tí eré náà dùn mọ́ bó ti dùn mọ́ wọn, àti pé òṣèré ọ̀hún mọ̀ ọ́n ṣe ní tòótọ́.