Ọ̀sẹ̀ Méjì Láti Di Ẹrù: Ìtàn Báàgì Ghana-Must-Go

Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ti ń sún mọ́lé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń múra àtilọ sílé, tí a ń gbé àpótí sórí òṣùwọ̀n kí ó má baà ju kílò 23 lọ. Láàárín ẹrù náà, kò ní ṣàì sí báàgì onílà kan, aláwọ̀ pupa, búlúù àti funfun. Ghana-must-go ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ̀yin ọmọ, ǹjẹ́ ẹ mọ ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, ọdún 1983, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, iṣẹ́ ti wọ́n, ìdìbò sì ń bọ̀ lọ́dún náà. Àwọn tó di ẹrù wọn lé ní mílíọ̀nù kan, àwọn ará Ghana ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ gba Sẹ̀mẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè Benin, ṣùgbọ́n Ghana ti ti ibodè rẹ̀ láti ọdún 1982, Togo náà sì ti tirẹ̀. Ojú ọ̀nà ni wọ́n há sí títí wọ́n fi ṣí ibodè ní ìparí oṣù náà.

Ọ̀rá ni wọ́n fi hun báàgì yìí. Kò wọ́n, òun fúnra rẹ̀ kò wúwo, ó ń gba ẹrù púpọ̀, ó sì ṣeé ká pọ̀ bí kò bá sí nǹkan nínú rẹ̀. Ohun tí ẹni tí wọ́n ń lé ń wá gan-an nìyẹn. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. Ní Jámánì, orúkọ àwọn ará Tọ́kì ni wọ́n fi ń pè é. Ó jọ pé orúkọ àlejò ló ń bá báàgì yìí rìn.

Ṣùgbọ́n kí a tó fi orúkọ yẹn rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Láti ayé ìjọba òyìnbó ni àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀ffà àti Ṣakí ti ń lọ ṣòwò ní Ghana. Wọ́n wà ní Accra, wọ́n wà ní Kumasi, wọ́n dé Tamale lápá àríwá. Nínú ìkànìyàn ọdún 1960, nǹkan bí 100,000 Yorùbá ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ni wọ́n bí síbẹ̀, tí wọn kò dé Nàìjíríà rí.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, gbèsè wà lọ́rùn Ghana, iṣẹ́ kò sì sí. Ìjọba Kofi Busia ní kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a tàbí kó kúrò nílùú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún àwọn náà.

Kí ni èèyàn lè dì láàárín ọjọ́ 14? Ṣọ́ọ̀bù kò ṣeé dì. Gbèsè tí oníbàárà jẹ kò ṣeé dì. Àwọn oníṣòwò ta ọjà wọn lówó pọ́ọ́kú. Ẹni tó ti kọ́lé sílé rí ibi forí lé; ẹni tí gbogbo owó rẹ̀ wà nínú ọjà tún ayé bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí wọ́n bí sí Kumasi, èwo ni àjò, èwo ni ilé?

Ohun tí kò gba àyè nínú báàgì nìkan ni ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ wọn: ọgbọ́n òwò àti èdè. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ti ń bá sọ Yorùbá ní Ghana lè kí ìyá àgbà lọ́jọ́ tó délé, kí ó sì gbọ́ èsì. Èyí tí kò gbọ́ ọ di àlejò nínú ilé bàbá rẹ̀.

Ní tiwa, kò sẹ́ni tó ń lé wa, a sì láyè láti ronú. Bí ẹ bá mú nǹkan kan dání, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá kò sí irú rẹ̀ lọ́jà nílé. Bí ó bá wà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ mú oògùn yín, ẹ mú fọ́tò àwọn ọmọ fún àwọn àgbà, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ìwé Yorùbá àti aṣọ òkè tí ẹ ó gbé bọ̀. Ní ti ìkíni, ẹ kọ́ àwọn ọmọ dáadáa kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Òṣùwọ̀n kì í wọn ìyẹn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bi òbí tàbí òbí àgbà kan ní ìbéèrè méjì. Kí ni ẹ dì sínú ẹrù nígbà tí ẹ kọ́kọ́ kúrò nílé? Kí ni ẹ fi sílẹ̀ tó ṣì ń dùn yín? Ẹ kọ ìdáhùn wọn ní gbólóhùn mẹ́wàá lédè Yorùbá, a ó kà á ní kíláàsì. Ọ̀nà á là o.