Ibi tí súyà ti wá, àti iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà nínú rẹ̀

Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn rèé, òjò ti lọ, àgbàlá ti gbẹ, ọ̀pọ̀ ilé ló ń gbé èédú síta láti yan ẹran fúnra wọn. Ìbéèrè tó ń wọlé jù ni pé kí ni wọ́n ń fi sínú ata súyà tó fi ń dùn tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn yẹn kò gùn, ṣùgbọ́n ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gùn, àgbẹ̀ ló sì wà nínú ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lónìí, màá máa fi ìmọ̀ràn díẹ̀díẹ̀ há a láàárín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú orúkọ náà. Ní èdè Haúsá, "suya" kì í ṣe yíyan rárá, dídín ni. Ẹran tí wọ́n gún mọ́ ọ̀pá tí wọ́n yan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, tsire ni wọ́n ń pè é. Èyí tí wọ́n yan láìfi ẹ̀pà kùn ún, balangu nìyẹn. Èyí tí wọ́n là fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí aṣọ, tí wọ́n sá sóòrùn, tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ àti ata pa lára, tí wọ́n wá fi iná rà lẹ́ẹ̀kan sí i, kilishi ni. Àwa ará ìsàlẹ̀ ló kó tsire mọ́ àwọn yòókù tí a ń pe gbogbo rẹ̀ ní súyà. Kò burú. Àwa náà ṣáà ní tiwa tí a kì í pa pọ̀: à ń sun iṣu, à ń yan ẹja, à ń dín dùǹdú. Àsun tí àwọn ará Oǹdó ń fi ewúrẹ́ ṣe, orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí a sun ni. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹlòmíì ló wá kọ́ Yorùbá ní ẹran yíyan. Àwọn ọdẹ wa ti ń yan ẹran ìgbẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ fèrè rélùwéè. Ohun tí súyà mú wá ní tirẹ̀ ni ẹran màlúù pẹ̀lú ẹ̀pà, ara àwọn méjèèjì yìí sì ni ìtàn wà.

Màlúù ni kí á fi bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí màlúù fi pọ̀ lókè Ọya tí kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa? Eṣinṣin tsetse ni. Eṣinṣin yìí ló ń gbé àìsàn trypanosomiasis kiri, òun ló sì ń pa màlúù nínú igbó wa. Màlúù kúkúrú tí kò ní iké, tí wọ́n ń pè ní muturu, lè fara dà á. Ṣùgbọ́n màlúù funfun àwọn Fúlàní, èyí tó ga tó sì ní iké lẹ́yìn, kò lè gbé e. Nítorí náà láyé àtijọ́, ẹran màlúù ńlá tí wọ́n bá pa nílẹ̀ Yorùbá, ẹsẹ̀ ló fi rìn wá. Láti Kánò dé Èkó ju kìlómítà 1,000 lọ. Ẹran tó bá rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ á rù, òmíràn á tilẹ̀ kú lójú ọ̀nà, ẹran tó bá sì rù máa ń le. Ní tèmi, mo rò pé ìdí kan nìyẹn tí onísúyà fi ń là á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ẹran tó le, tí a bá gé e tínrín, eyín á rí i jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní àlàyé mìíràn, ẹ sọ ọ́.

Àjàkálẹ̀ rinderpest tún jà ní Áfíríkà lápá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó pa màlúù lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Nígbà tó di 1924 ni ìjọba dá ibùdó ìwádìí àìsàn ẹran sílẹ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos, tí wọ́n ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Àìsàn náà ti parí láyé báyìí, ọdún 2011 ni wọ́n kéde rẹ̀.

Ohun tó wá yí gbogbo nǹkan padà ni rélùwéè. Ọdún 1901 ni ó dé Ìbàdàn láti Èkó. Nígbà tó fi máa di 1912, ojú irin ti so Èkó mọ́ Kánò. Ibi tó dùn jù nínú ìtàn yìí fún àgbẹ̀ nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Òwú ni àwọn òyìnbó ń retí nígbà tí wọ́n ń la ojú irin yẹn. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní British Cotton Growing Association, tó ń fẹ́ kí àgbẹ̀ Haúsá gbin òwú fún àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ wọn. Wọ́n ti ń retí òwú tí ọkọ̀ ojú irin máa kó wálé. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Kánò jókòó, ó ro ó. Bí o bá gbin òwú tí owó rẹ̀ já wálẹ̀, ṣé o lè jẹ òwú ni? Ẹ̀pà rèé: bí oníbàárà bá wá, o tà á, bí kò bá wá, o sè é fún àwọn ọmọ, o fún òróró rẹ̀, ẹran ọ̀sìn á jẹ ewé rẹ̀. Lákòókò kan náà, owó ẹ̀pà ń lọ sókè ní Yúróòpù nítorí ọṣẹ àti bọ́tà oníòróró tí wọ́n ń pè ní màgàríìnì. Àwọn oníṣòwò Haúsá gbé ìròyìn náà lọ sí abúlé, wọ́n sì ra ẹ̀pà. Láàárín ọdún kan sí méjì, ẹ̀pà tó dé ibùdókọ̀ Kánò ti pọ̀ ju ohun tí ọkọ̀ lè kó lọ. Òwú táwọn òyìnbó ń retí kò tó nǹkan. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tó kọ́ wọn ní èyí o, àwa tí à ń gbowó oṣù láti máa gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn ló yẹ kó máa rántí rẹ̀.

Àwọn òkìtì àpò ẹ̀pà tí wọ́n kó jọ bí òkè ní Kánò, tí àwọn bàbá wa rí lára owó àti nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Alhassan Dantata, oníṣòwò tó di olówó jù níbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ (ó kú ní 1955), obì ló kọ́kọ́ ń tà kó tó bọ́ sídìí ẹ̀pà. Ó ń gbé obì láti ilẹ̀ Gold Coast gba ojú omi wá sí Èkó. Ní àárín ọdún 1970 sí 1980, ọ̀dá, àìsàn rosette tó jà ní 1975 àti owó epo rọ̀bì para pọ̀ lé àwọn òkìtì náà lọ.

Ẹ̀pà fúnra rẹ̀, àlejò ni. Amẹ́ríkà ti gúúsù ni ilé rẹ̀, àwọn Potogí ló gbé e wá sí etíkun wa ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà ni ata tí à ń lọ̀ ti wá. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá yan ẹran ní Kánò ní 1400 kò ní ẹ̀pà, kò ní ata pupa. Ohun tó lè rí lò ni èèrù, ataare, iyèrè. Atalẹ̀ wá láti Éṣíà. Ẹ wo bí àwọn bàbá wa ṣe sọ ọ́ lórúkọ, ata ilẹ̀, ata tó ń bẹ nínú ilẹ̀.

Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ dúró dè nìyí: kí ló wà nínú ata súyà, èyí tí wọ́n ń pè ní yaji? Kúlíkúlí lílọ̀ ni ìpìlẹ̀. Wọ́n á yan ẹ̀pà, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fún òróró rẹ̀ jáde dáadáa, ohun tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń gún tàbí lọ̀. Wọ́n á wá fi atalẹ̀ gbígbẹ, ata gbígbẹ, iyọ̀, kànáfùrù àti èèrù sí i. Olúkúlùkù ló ní ìwọ̀n tirẹ̀, kò sì sí onísúyà tó máa sọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Ìdí tí wọ́n fi ń fún òróró jáde ni pé ẹ̀pà tí òróró wà nínú rẹ̀ á di ìpara, kò ní di ìyẹ̀fun tó lè lẹ̀ mọ́ ẹran. Atalẹ̀ kò wà fún òórùn nìkan, ó ní èròjà kan tó ń rọ ẹran. Bí ẹ bá fi atalẹ̀ tútù pa ẹran líle lára fún wákàtí kan kí ẹ tó yan án, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Gúúsù Kaduna ni èyí tó pọ̀ jù nínú atalẹ̀ wa ti ń wá, àìsàn kan sì ba oko púpọ̀ jẹ́ níbẹ̀ ní 2023. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín lọ́dọ̀ wa, kó má kàn ra irúgbìn tí kò mọ oko tó ti wá.

Báwo wá ni ẹran àti onísúyà ṣe dé àdúgbò wa? Obì ló fà á. Àwọn Haúsá kì í fi obì gbánja ṣeré, ilẹ̀ Gold Coast ni wọ́n sì ti ń rà á tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbin gbánja ní Àgégé, ní agbègbè Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú Rẹ́mọ, àwọn oníṣòwò náà wá bá wọn. Ọkọ̀ kó màlúù wá sísàlẹ̀, obì lọ sókè. Sábó Ìbàdàn, ọdún 1916 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ṣàgámù náà ní Sábó tirẹ̀. Abner Cohen, ọ̀mọ̀wé kan tó kọ ìwé nípa Sábó Ìbàdàn ní 1969, ṣàlàyé pé àwìn ni wọ́n ń ta màlúù fún àwọn alápatà Yorùbá. Ẹni tó wà láàárín ni baálé tí Haúsá ń pè ní mai gida: ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni oníṣòwò ń dé sí, òun ló mọ alápatà tó ṣeé gbà gbọ́, bí alápatà bá sì jẹ gbèsè tí kò san, ọrùn baálé ló wà. Kò sí báńkì nínú rẹ̀. Mo máa ń rántí èyí nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbẹ̀ kan bá túká nítorí àpò ajílẹ̀ méjì.

Níbi tí ìlú bá ti ní Sábó, tí wọ́n ń pa màlúù lójoojúmọ́, onísúyà kì í jìnnà síbẹ̀. Ìdílé alápatà ni iṣẹ́ tsire ti wá láàárín àwọn Haúsá, bàbá ń kọ́ ọmọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi gidi lónìí, torí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù díẹ̀. Wọ́n wádìí títí wọ́n fi bá a nínú oúnjẹ wọn: ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, tó wá láti Brazil, ló ti bu. Májèlé tí fúńgọ́ọ̀sì náà ń ṣe ni wọ́n wá sọ ní aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún èèyàn. Ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀pà tí wọ́n fún òróró rẹ̀, kúlíkúlí kọ́ nìyẹn bí? Iná súyà kò lè pa májèlé yìí tán. Mo sì mọ̀ pé tí a bá ṣa ẹ̀pà lọ́jà, èyí tó dára là ń tà fún jíjẹ. Èyí tó bu, tó hun jọ, tó dúdú, ẹni tó ń fún òróró là ń tà á fún lówó pọ́ọ́kú. Ibẹ̀ ló ti ń gba inú ata súyà padà wá bá àwọn ọmọ wa.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀pà pẹ́ nínú ilẹ̀ kọjá àsìkò. Ẹ fa díẹ̀ yẹ̀ wò, bí inú èèpo bá ti ń dúdú lára èyí tó pọ̀, ó tó. Orí tapólì ni kí ẹ sá a sí, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá mi èèpo tí ẹ gbọ́ ọ tó ń dún wóró, tí awọ pupa ara ọmọ rẹ̀ sì ń bọ́ tí ẹ bá fọwọ́ pa á, ó ti gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé wọ́n omi sí ẹ̀pà kí èèpo rẹ̀ lè rọ̀ nígbà pípa. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ń dùn wá, ṣùgbọ́n omi yẹn ni fúńgọ́ọ̀sì ń wá. IITA tó wà ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣe Aflasafe, tí wọ́n ti gbà wọlé ní Nàìjíríà láti 2014. Kílò 10 là ń fọ́n sí hẹ́kítà kan nínú oko kí ẹ̀pà tó yọ òdòdó. Èyí tó bá sì ti bu, ẹ dà á nù. Ẹ má fún adìẹ, ẹ ti gbọ́ ti tòlótòló.

Fún ẹ̀yin tó máa yan ẹran nílé: àwọn onítsire àtijọ́ kì í gbé ẹran lé orí iná. Wọ́n ń gbin ọ̀pá yí ẹ̀yinná ká ni, kó dagun díẹ̀, kí ọ̀rá má kán sínú iná kó wá rú èéfín dúdú sí ẹran. Wáyà orí dúrọ́ọ̀mù tí à ń lò báyìí yá jù, ṣùgbọ́n ẹ fa èédú sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹran wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ gé ẹran dábùú iṣan rẹ̀. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa á kí ata tó kàn án, ẹ sì tún bu ata sí i nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná. Ẹran tí ẹ bá gún lábẹ́rẹ́, ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó pa á. Oxytetracycline tó ń pẹ́ lára lè gbà tó ọjọ́ 28. Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn tó ń sun èédú, ẹ fi igi ẹ̀mí sílẹ̀ fún àwọn ìyá tó ń ṣe òrí, igi yẹn kì í tètè so.

Ó ku ewé ẹ̀pà. Ní Kánò, harawa ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń dì í, wọ́n ń kó o sórí òrùlé, wọ́n ń tà á lówó gọbọi fún ẹni tó ń sin àgbò. Lọ́dọ̀ wa, mo ṣì ń rí i tí wọ́n ń dáná sun ún lẹ́bàá oko. Ẹ sá a lábẹ́ ìbòòji kó máa jẹ́ tútù ní àwọ̀, ẹ dì í, ẹ kó o síbi tí òjò kò dé, kí ẹ fi bọ́ àgbò Iléyá. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, kó kọ orúkọ ìlú rẹ̀ sísàlẹ̀, kí n mọ agbègbè tí a ó ti kọ́kọ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́.