Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀: ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ láyé àtijọ́

Igbó Olókun wà ní apá àríwá Ilé-Ifẹ̀, ní Nàìjíríà. Lónìí, ilé ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ló jẹ́rìí pé àwọn baba wa ń ṣe ìgò fúnra wọn.

Ó pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ wà nínú ilẹ̀ yẹn. Wọ́n ń gbẹ́ ihò, wọ́n ń ṣa sẹ̀gi, wọ́n ń tà á. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé ibẹ̀. Ó rí ìkòkò amọ̀ tí ìgò aláwọ̀ oríṣiríṣi lẹ̀ mọ́ inú wọn. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì, ló wá tẹ̀dó sí Ifẹ̀! Àwọn ọ̀mọ̀wé tó tẹ̀ lé e kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìgò tí àwọn oníṣòwò kó wá láti òkèèrè ni Ifẹ̀ kàn ń yọ́.

Laboratoire ló já ọ̀rọ̀ náà. Ní 2006, Akin Ige, ti yunifásítì Ifẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé chaux àti alumine pọ̀ nínú ìgò Ifẹ̀, kò sì jọ ti Yúróòpù tàbí ti àwọn Lárúbáwá. Lẹ́yìn náà ni Abidemi Babatunde Babalola walẹ̀ ní Igbó Olókun. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, àti àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gò tó lé ní 800. Ìwé rẹ̀ ti 2017 sọ pé láàrin nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500 ni iṣẹ́ náà gbóná jù. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wáyé kí ọkọ̀ àwọn Pọtogí tó dé etíkun wa. Wọ́n ti rí irú ìgò yìí títí dé Gao, ní Mali.

Ẹ gbọ́ ná: awalẹ̀pìtàn kì í gbẹ́ ilẹ̀ bí ẹni ń wa iṣu. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ̀kalẹ̀, ó ń kọ bí ibẹ̀ ṣe jìn tó, ó ń jọ erùpẹ̀. Àfọ́kù ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò ní rà lọ́jà ló gbè wá lẹ́sẹ̀ níbí. Sẹ̀gi tí wọ́n hú tà kò lè sọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ilẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀dọ̀ wa náà, iṣẹ́ ọ̀nà ló ṣí àwọn ihò abẹ́ ilẹ̀ Agongointo, ní Bohicon, ní 1998. Ibẹ̀ ti di ibi ìbẹ̀wò. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbẹ̀ Kétu, Ṣábẹ àti Pọbẹ̀, bí ọkọ́ yín bá kan ìkòkò tàbí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ fi í síbẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sọ fún mairie. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì da èédú tó wà nídìí rẹ̀ nù: èédú ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀.