Ìbọn Ṣákábùlà

Ìbọn ṣákábùlà ni ìbọn gígùn ẹlẹ́nu kan tí a ń ki láti ẹnu, tí kì í yìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí a tó tún un ki. Àwọn òyìnbó ń pè é ní ìbọn Dane, nítorí àwọn oníṣòwò Denmark, tí odi wọn wà ní Christiansborg ní Accra títí di ọdún 1850, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń tà á ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òun ni ohun ìjà ogun tó gbilẹ̀ jù nílẹ̀ Yorùbá láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lónìí, ọwọ́ ọdẹ àti àwọn tó ń ṣọ́ ìlú ló kù sí. Ní ilẹ̀ Àwórì, láti Adó-Odò dé Ọ̀tà àti Itele, ilé àti ilé-iṣẹ́ ti gba ibi tí igbó wà tẹ́lẹ̀, ọdẹ ibẹ̀ sì ń ṣọ́ àdúgbò lóru ju bó ṣe ń lépa ẹran lọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ohun mẹ́ta ló di ìbọn: ọ̀pá irin, igi ìdí, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń ta iná. Ẹ̀rọ yìí ló gba ọgbọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọdẹ á wọn ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, á ki oguṣọ tàbí àkísà tẹ̀ lé e, á da ọta sí i, á sì fi ọ̀pá gún gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò bu ẹ̀tù díẹ̀ sí àwo kékeré tó wà lẹ́bàá ihò iná. Bó bá kẹ́ ìbọn tó sì fà á, òkúta tí ẹ̀rọ náà gbé dání á gbá irin, iná á ta sínú àwo, á gba ihò wọlé lọ bá ẹ̀tù tó wà nínú ọ̀pá. Iná á kọ́kọ́ kọ mànà lójú àwo, kí ìbọn tó dún. Ẹran tó bá yára á ti fò kúrò lójú ibẹ̀. Òjò ni ọ̀tá ìbọn yìí pátápátá: bí ẹ̀tù inú àwo bá rin, igi lásán ni ọdẹ gbé dání, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọdẹ fi ń fi awọ bo ẹ̀rọ náà bí wọ́n bá ń wọ igbó. Irú kan tó tẹ̀ lé e kò lo òkúta mọ́, kóró kékeré tó ń bú bí a bá gbá a ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Inú ọ̀pá ṣákábùlà ń dán ni. Ti ráìfù ní ìlà tó lọ́ yípo nínú, èyí tó ń mú kí ọta máa yí bó ti ń lọ, kó lè lọ tààrà, kó sì jìnnà. Kò yẹ kí a da méjèèjì pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀pọ̀ ráìfù ayé àtijọ́ náà ń yìn.

Ìtàn

Lára àwọn àwòrán idẹ Bìní ti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti kẹtàdínlógún ni a ti rí àwọn Potogí tí wọ́n gbé ìbọn dání. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ìbọn tó pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ ogun Yorùbá. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 (1921 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde), sọ pé àwọn Ìjẹ̀bú, tí wọ́n sún mọ́ etíkun, ló ní ìbọn nígbà ogun Òwu, nígbà tí àdá ṣì jẹ́ ohun tí àwọn Òwu gbójú lé. Àwọn ilé-iṣẹ́ Birmingham ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìbọn tó ń wọlé.

Láti ìgbà náà lọ, ọ̀nà etíkun di ọ̀nà ìbọn àti ẹ̀tù. Kí ọ̀nà yìí lè ṣí fún wọn, Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà ní 1842, wọ́n sì dó ti Adó-Odò títí di 1853. Ìlú tí kò bá ní ọ̀nà sí etíkun kò lè rí ẹ̀tù rà bó ṣe fẹ́, ogun rẹ̀ ò sì ní pẹ́ rẹ̀ ẹ́. Ní 1861, Ọ̀gágun Arthur Jones, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìròyìn nípa ọmọ ogun Ẹ̀gbá lákòókò ogun Ìjàyè, J. F. Ade Ajayi àti Robert Smith fi ìròyìn náà sínú ìwé wọn lórí ogun Yorùbá ní 1964. Ìbọn gígùn yìí ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jagunjagun nígbà náà.

Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ni ṣákábùlà ti pàdé ẹni tó jù ú lọ. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó, nínú ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀, ra ráìfù ránṣẹ́ sílé. Snider wà lára wọn, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ogun wọn láti 1866: ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ki í, kì í ṣe ẹnu. Ìdí tí àǹfààní náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nìyí: ẹni tó ń ki ṣákábùlà ní láti dìde dúró gún ọ̀pá rẹ̀, ẹni tó gbé Snider lè sùn sílẹ̀ kó máa ki í níbẹ̀. Inú ogun yìí ni Ààrẹ Látòóṣà ti Ìbàdàn, tó ń bá wọn jà, kú sí ní 1885. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká.

Ẹnì kan lè retí pé kí ṣákábùlà pa rẹ́ lẹ́yìn èyí. Àdéhùn Brussels ti 1890 ni kò jẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fẹnu kò níbẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe ta ráìfù àti ìbọn tí à ń ki láti ẹ̀yìn fún àwọn ará ibi tó pọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ ń dán. Síbẹ̀, ní 1892, Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kó Maxim, ìbọn tó ń yìn léraléra, lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmagbọn. Nítorí náà, àwọn tó bá ń sọ pé ọgbọ́n ló tán lọ́wọ́ ọdẹ wa ló jẹ́ kí ìbọn àtijọ́ wà títí di òní kò sọ òótọ́. Òfin ló sé ọ̀nà ìbọn tuntun mọ́ wọn.

Àwọn tó ń rọ ọ́

Ilé arọ ni ìbọn ń bọ̀ sí bó bá bàjẹ́. Alágbẹ̀dẹ tó ní ẹwìrì, ẹ̀mú àti ọmọ owú ló ń tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, ó sì ń rí i pé igi ìdí bá apá ẹni tó ni ín mu. Wọ́n ń fi awọ àti idẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Nítorí èyí, ṣákábùlà méjì kì í sábà jọra. Nílẹ̀ òyìnbó, oníṣẹ́ ìbọn máa ń fín orúkọ rẹ̀ sára iṣẹ́ rẹ̀. Ti alágbẹ̀dẹ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Agbo ilé ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ṣé alágbẹ̀dẹ Yorùbá ń rọ odindi ìbọn, títí kan ọ̀pá rẹ̀, kí ìjọba òyìnbó tó dé? Ẹnu kò kò lórí èyí. Ẹ̀rí tó wà fún àtúnṣe, igi ìdí àti ọta irin dúró dáadáa. Ti ọ̀pá kò pọ̀. Ìbọn Birmingham kò wọ́n, ó sì jọ pé kò sí ohun tó máa mú alágbẹ̀dẹ jókòó rọ ọ̀pá. Síbẹ̀, a mọ àwọn alágbẹ̀dẹ Awka nílẹ̀ Ìgbò mọ́ ṣíṣe ìbọn, ìwà ìkánjú ni yóò sì jẹ́ láti sọ pé ẹnikẹ́ni kò dán an wò níhìn-ín.

Lẹ́yìn ogun

Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà gbé ṣákábùlà dìde sí owó orí ní agbègbè Ìbàdàn. Àwọn ọdẹ ṣì ń yìn ín bí ògbólógbòó ọdẹ bá kú. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 fi ìbọn tí à ń ki láti ẹnu sí ìsọ̀rí tirẹ̀, yàtọ̀ sí ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn ológun tó fòfin dè, ṣùgbọ́n ó ṣì ní kí ẹni tó bá ní in gba ìwé àṣẹ.