Gáàsì Kì í Ṣe Ìran Wíwò: Láti Kingman dé Abúlé-Àdó

Yorùbá ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtàn tí mo gbé wá lónìí jẹ mọ́ ohun kan tí ìròyìn rẹ̀ tó: gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ títí ó fi di omi.

Òun ló wà nínú sílíńdà tí ẹ fi ń se indomie ní Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó. Òun náà ló wà nínú tánkà ràgàjì tó ń gba títì Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀ kọjá, títì tí ọ̀pọ̀ ará Efire àti Ògùn Waterside mọ̀ dáadáa. Tí lítà kan omi gáàsì ìdáná bá tú jáde, ó lè di nǹkan bí lítà 250 gáàsì. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà kì í fò lọ sókè. Ilẹ̀ ló ń rìn, ó ń wọ gọ́tà, ó ń lọ sí ibi tó rẹlẹ̀ bí omi òjò. Tó bá pàdé iná lọ́nà, iná náà á tọ ipa rẹ̀ padà dé ibi tó ti ń jò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí òórùn rẹ̀. Gáàsì ìdáná fúnra rẹ̀ kì í rùn. Ní ọjọ́ 18 Oṣù Kẹta 1937, gáàsì jò sábẹ́ ilé-ìwé kan ní New London, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ òórùn kankan. Nígbà tó gbiná, nǹkan bí 300 èèyàn ló kú, ọmọ ilé-ìwé sì ni púpọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba Texas ṣe òfin pé kí wọ́n máa po èròjà tó ń rùn mọ́ gáàsì, àwọn ibòmíràn sì tẹ̀lé e. Òórùn burúkú tí ẹ máa ń gbọ́ yẹn, ìkìlọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀mí àwọn ọmọ rà ni.

Ó di ọjọ́ 5 Oṣù Keje 1973, ní Kingman, ní ìpínlẹ̀ Arizona. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì fẹ́ já gáàsì propane kúrò nínú tánkà réluwé. Gáàsì jò, ó gbiná, iná sì ń jó tánkà náà lára. Àwọn panápaná sáré dé láti bu omi sí i. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, tánkà náà bẹ́. Panápaná 11 kú, òṣìṣẹ́ kan náà kú. Àwọn tó farapa lé ní 90, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n dúró lẹ́bàá títì tí wọ́n ń wòran.

Kí ló dé tó fi bẹ́? Iná ń se omi gáàsì inú rẹ̀, gáàsì ń wú, irin tánkà ń rọ̀, nígbà tó yá irin náà ya. Ìdí nìyí tí ìwé ìtọ́nisọ́nà pàjáwìrì tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò fi sọ pé bí iná bá mú tánkà gáàsì, kí èèyàn jìnnà tó mítà 1,600 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ìyẹn lé ní kìlómítà kan àtààbọ̀. Kò sí fóònù tó lè ya fídíò tó dáa láti ibẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rò pé ó dìgbà tí iná bá wà. Ní ọjọ́ 24 Oṣù Kẹta 1992, ní Dakar, olú-ìlú Sẹ̀nẹ̀gà, tánkà amóníà kan ya ní ilé-iṣẹ́ tó ń fún òróró ẹ̀pà. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 22 ni wọ́n rọ sínú tánkà tí kò yẹ kó gbà tó 18, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti jó o lẹ́ẹ̀kan rí nítorí pé ó ń jò. Ìkùukùu funfun tútù bo ilẹ̀. Amóníà ń jẹ ojú, ó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró. Èèyàn 129 ló kú, àwọn kan lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó farapa sì lé ní 1,000.

Ní Accra, alẹ́ Sátidé ọjọ́ 7 Oṣù Kẹwàá 2017, tánkà ń já gáàsì ní Atomic Junction nígbà tó jò tó sì gbiná. Èèyàn 7 kú, 132 farapa. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjọba Ghana pàṣẹ ètò tuntun: kí wọ́n máa rọ gáàsì níbi tó jìnnà sí ilé, kí aráàlú sì máa fi sílíńdà òfìfo gba èyí tó kún.

Tiwa ńkọ́? Ní ọjọ́ Àìkú 15 Oṣù Kẹta 2020, Abúlé-Àdó ní Èkó mì tìtì. Àwọn tó kú lé ní 20, ọ̀pọ̀ ilé sì wó. NNPC ní ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kọlu àwọn sílíńdà gáàsì tí wọ́n tò jọ nítòsí páìpù epo rẹ̀. Sister Henrietta Alokha, ọ̀gá ilé-ìwé Bethlehem, kú síbẹ̀ níbi tó ti ń kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ ká fi ìyàtọ̀ sí i: ẹni tó wà nínú ewu tó fa ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, akọni ni. Ẹni tó ti òdìkejì títì wá wò ó, òkú mìíràn ló fẹ́ fi kún un.

Nítorí náà, bí tánkà gáàsì bá ṣubú lójú títì, kò sí ohun tí èèyàn máa bù níbẹ̀. Ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ jáde kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ wá lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ẹ gun òkè, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì tàbí etí odò. Ẹ má ta mọ́tò tàbí ọ̀kadà. Ẹ má wọ inú ìkùukùu funfun, ó lè mú ara dì kó sì bó bí iná. Ìgbà tí ẹ bá jìnnà ni kí ẹ tó pe 112.

Bí ó bá jẹ́ inú yàrá, ẹ ti sílíńdà bí ẹ bá lè dé ibẹ̀ láìséwu, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹ jáde. Ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ má fọwọ́ kan fáànù. Ẹ kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò, ẹ má tẹ bẹ́ẹ̀lì.

Ní Kingman, àwọn tó ń wòran rò pé ibi tí wọ́n dúró sí jìnnà tó. Lọ́jọ́ tó bá kan àdúgbò yín, ẹ jẹ́ kí ìròyìn tó yín. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ́ràn.